Ta ni ó ni àkàbà? Ìtàn ìpele kejì bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn tí àgbà ń wò yìí ni oko òpìtàn. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin lónìí, iwájú nìkan ni ojú ọ̀pọ̀lọpọ̀ máa ń wà. Wọn a rántí pápá Wembley ní London, níbi tí ènìyàn 87,192 ti péjọ ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 2022, tí àwọn obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi àmì ayò 2 sí 1 borí Jámánì, tí wọ́n sì gba ife-ẹ̀yẹ Yúróòpù. Ohun ìwúrí ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó gbé ilé ró kò ní wo òrùlé nìkan. Yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ìpìlẹ̀.

Nítorí náà, a ó fi ìpele kìn-ín-ní sílẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó sì gbé ìpele kejì yẹ̀ wò. Ìpele kejì ni àkàbà. Òun ni ẹgbẹ́ kékeré ń gùn dé òkè, òun náà ni ẹgbẹ́ ńlá tí ó bá ṣe àìbìkítà ń bá sọ̀kalẹ̀. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìdíje kan ní òdodo nínú, ìpele kejì rẹ̀ ni kí a bi léèrè: ta ni a ń jẹ́ kí ó gun òkè? Ṣé ẹni tí ó borí lórí pápá ni, tàbí ẹni tí ó ní owó àti ìwé àṣẹ lọ́wọ́? Ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìbéèrè yìí ní ìdáhùn méjì tí kò bára mu, orí ẹgbẹ́ kan náà ni ìdáhùn méjèèjì sì ti bọ́ sí.

Ṣáájú kí àkàbà tó wà

Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní ni ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Nígbà tí àwọn ọkùnrin lọ sójú ogun, àwọn obìnrin wọ ilé-iṣẹ́ lọ láti máa ṣe ohun ìjà. Ní ìlú Preston, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn òṣìṣẹ́bìnrin ilé-iṣẹ́ Dick, Kerr dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní ọdún 1917, wọ́n sì ń fi owó tí àwọn òǹwòran bá san ṣe ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́. Ní òpin oṣù kẹrin ọdún 1920, àwọn ọmọbìnrin láti ilẹ̀ Faransé sọdá òkun wá bá wọn gbá bọ́ọ̀lù. Alice Milliat ni aṣáájú wọn, obìnrin kan náà tí ó ṣètò ìdíje eré ìdárayá àgbáyé ti àwọn obìnrin ní Paris ní ọdún 1922. Nígbà tí ó di ọjọ́ kejì Kérésìmesì ọdún 1920, nǹkan bí ènìyàn 53,000 ni ó kún pápá Goodison Park ní Liverpool láti wo Dick, Kerr àti St Helens. Owó tí a rí ní ọjọ́ náà lé ní 3,000 pọ́n-ùn, àánú ni wọ́n sì fi ṣe.

Ọdún kan kò tíì pé lẹ́yìn èyí tí a fi ti ilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejìlá ọdún 1921, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí gbogbo ayé mọ̀ sí FA, pinnu pé bọ́ọ̀lù kò yẹ obìnrin, ó sì pàṣẹ fún gbogbo ẹgbẹ́ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ pé wọn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí obìnrin lo pápá wọn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí bí a ṣe ṣe é. Kò sí òfin ìjọba tí ó sọ pé obìnrin tí ó bá gbá bọ́ọ̀lù yóò lọ sẹ́wọ̀n. Pápá ni a gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí a bá ti gba ilẹ̀ oko lọ́wọ́ rẹ̀, a kò tún ní láti kà á léèwọ̀ fún un pé kí ó má ṣe kórè.

Dick, Kerr kò dáwọ́ dúró. Orí ilẹ̀ gbalasa àti pápá àwọn eré mìíràn ni wọ́n ti ń gbá a. Lily Parr, ọmọ ìlú St Helens tí ó wọ inú ẹgbẹ́ náà ní ọdún 1920, gbá bọ́ọ̀lù fún ọ̀pọ̀ ọdún lábẹ́ èèwọ̀ náà. Ó kú ní ọdún 1978. Ọdún 2002 ni ilé-àkójọ ìtàn bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ka obìnrin yìí mọ́ àwọn akọni eré náà.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan kọ́ ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ìjọba Vichy ka bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin léèwọ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1941. Ní ọdún 1941 kan náà ni ìjọba Bràsíìlì, ilẹ̀ tí àwọn baba ńlá àwọn Àgùdà Àjàṣẹ́ wa ti padà wá sílé, fi òfin de àwọn obìnrin, òfin náà kò sì kúrò títí di ọdún 1979. Ní Jámánì, láti ọdún 1955 sí 1970 ni. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún wa pé bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin kéré ní ọjọ́ orí, kí a dá a lóhùn pé kò kéré. A so ó mọ́lẹ̀ ni.

Àwọn obìnrin Doncaster

Ọdún 1969 ni àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì para pọ̀ dá àjọ tiwọn sílẹ̀, èyí tí a ń pè ní WFA. Ní ọdún 1971, èèwọ̀ àádọ́ta ọdún náà ti kásẹ̀ nílẹ̀, ìdíje ife-ẹ̀yẹ àkọ́kọ́ fún àwọn obìnrin sì ti parí. Southampton ni ó gbà á.

Ní ọdún 1969 yẹn kan náà, ní Doncaster, ìlú kan ní agbègbè àwọn awakùsà èédú ní Yorkshire, àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan wà tí wọ́n máa ń ta tíkẹ́ẹ̀tì oríire fún àwọn òǹwòran ní pápá Belle Vue, níbi tí ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin ìlú náà ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó sú wọn láti máa ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá nìkan. Wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Láti ara orúkọ pápá náà ni wọ́n ti fa orúkọ tiwọn yọ: Belles. Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ gbọ́ Faransé kò ní bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ wa.

Kò sí owó oṣù fún wọn. Ẹni tí ó ní iṣẹ́ ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án, ó sì ń gbára dì fún bọ́ọ̀lù lálẹ́. Síbẹ̀, láàárín ọdún 1983 sí 1994, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1996, Pete Davies tẹ ìwé kan jáde lórí wọn, ìwé tí ó jẹ́ kí àwọn tí kò rí wọn rí mọ orúkọ wọn.

1991: a kan àkàbà

Ní àsìkò 1991–1992, àjọ WFA bẹ̀rẹ̀ líìgì tí ó kárí gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹgbẹ́ 24 ni wọ́n kó jọ: 8 ní ìpele kìn-ín-ní, 16 ní ìpele kejì. Nítorí pé ọ̀nà jìn, tí owó ọkọ̀ sì wọ́n fún ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń dá owó fúnra wọn, wọ́n pín ìpele kejì sí ọ̀nà méjì, 8 ní àríwá, 8 ní gúúsù. Ibí ni ìpele kejì ti ṣẹ̀ wá.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ rọrùn. Ẹni tí ó bá ṣe ipò kìn-ín-ní ní àríwá tàbí ní gúúsù gòkè. Ẹni tí ó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá lókè sọ̀ kalẹ̀. A kò bi ẹnikẹ́ni pé mélòó ni ó wà ní báńkì rẹ̀. Belles ni ó kọ́kọ́ gba líìgì náà, wọ́n sì tún gbà á ní àsìkò 1993–1994; ní ìgbà méjèèjì, wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ọn.

Ní àsìkò àkọ́kọ́ yẹn, Arsenal wà ní ìpele kejì, ní gúúsù. Wọ́n borí níbẹ̀, wọ́n gòkè, nígbà tí ó sì di àsìkò 1992–1993, àwọn ni ó gba líìgì ìpele kìn-ín-ní. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ni ó gba ife-ẹ̀yẹ àwọn ẹgbẹ́ Yúróòpù ní ọdún 2007, tí ó tún gbà á ní ọdún 2025. Bí kò bá sí àkàbà ní ọdún 1992, ibo ni Arsenal ìbá gbà? Ẹ̀rí nìyí pé àkàbà tí ó dúró dáadáa kì í ṣe oore fún aláìní nìkan. Ó ń wá àwọn tí ó tọ́ sí òkè rí fún òkè.

Ní ọdún 1993, FA gba àkóso bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin lọ́wọ́ WFA. Àjọ tí ó ti ilẹ̀kùn ní ọdún 1921 ni ó wá di ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

2013: ìwé àṣẹ borí àmì ayò

Ní ọdún 2011, FA dá líìgì tuntun sílẹ̀, Women's Super League, pẹ̀lú ẹgbẹ́ 8 péré. Kì í ṣe ipò tí ẹgbẹ́ wà ní líìgì ni a fi yàn wọ́n. Ìwé ìbéèrè ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ, FA sì yẹ owó rẹ̀, pápá rẹ̀ àti ètò rẹ̀ wò. Wọ́n mú Belles mọ́ àwọn 8 náà. Wọ́n wá ti ẹnu ọ̀nà: kò sí ẹni tí yóò gòkè, kò sí ẹni tí yóò sọ̀ kalẹ̀. Líìgì àtijọ́ di ìpele kejì, ṣùgbọ́n ìpele kejì tí kò ní àkàbà ni. Sunderland ń borí níbẹ̀ léraléra, títí dé àsìkò 2012–2013, ibi tí wọ́n wà náà ni wọ́n ń wà.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2013, FA kéde pé láti ọdún 2014, líìgì tuntun náà yóò ní ìpele méjì. Ìròyìn ayọ̀ ni ó yẹ kí ó jẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n tún kéde pé Doncaster Belles yóò lọ sí ìpele kejì, Manchester City yóò sì wà ní ìpele kìn-ín-ní. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo ni Belles tíì gbá ní àsìkò náà. Ibi yòówù kí wọ́n parí sí, àní bí wọ́n bá gba líìgì náà pàápàá, wọ́n yóò sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Wọn kò dá wọn láre.

Òpìtàn kò gbọdọ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dájọ́. Manchester City kì í ṣe àjèjì: ọdún 1988 ni ẹgbẹ́ obìnrin wọn ti wà. Owó tí wọ́n mú wá ṣe iṣẹ́, ó kọ́ ibi ìgbáradì, ó sì jẹ́ kí obìnrin rí iṣẹ́ gidi nínú bọ́ọ̀lù. Ní ọdún 2016, wọ́n gba líìgì náà. Òótọ́ sì ni pé Belles ló parí sí ìsàlẹ̀ pátápátá ní ọdún 2013. Àwọn kan lè ní kò sí ohun tí ó burú, ibi tí wọn ìbá dé náà ni a mú wọn lọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi gbogbo agbára sáré ìje tí a ti sọ àbájáde rẹ̀ fún un ní ìbẹ̀rẹ̀? Àti pé bí ẹnìkan bá tilẹ̀ tọ́ sí òkè láti ìpele kejì, ẹni tí ó ṣe ipò kìn-ín-ní níbẹ̀ ni. Sunderland ni, kì í ṣe Manchester City. A fi ìwé àṣẹ ré kọjá ẹni tí ó wà lókè àti ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀

Líìgì ìpele kejì tuntun náà, WSL 2, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2014 pẹ̀lú ẹgbẹ́ 10. Lọ́tẹ̀ yìí, a dá àkàbà padà, kíá ni èso rẹ̀ sì yọ. Sunderland ni ó gbà á, ó sì gòkè. Nínú ẹgbẹ́ náà ni Beth Mead wà. Ní ọdún 2015, tí wọ́n dé ìpele kìn-ín-ní, òun ni ó jẹ góòlù jù lọ ní líìgì náà, 12. Ní ọdún 2022, òun ni a dárúkọ gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù lọ ní ìdíje Yúróòpù. Bí ẹnu ọ̀nà bá wà ní títì síbẹ̀, bóyá ni ayé ìbá tètè gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Belles náà gun àkàbà. Ní ọdún 2015, wọ́n ṣe ipò kejì lẹ́yìn Reading, àwọn méjèèjì sì gòkè. Ọdún kan ni wọ́n lò lókè kí wọ́n tó tún sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, orí pápá ni wọ́n ti pàdánù. Ní àsìkò 2017–2018, wọ́n gba líìgì ìpele kejì.

Ìgbà náà ni FA tún yí ètò padà. Gbogbo ẹgbẹ́ tuntun tọ̀ ọ́ lọ láti tọrọ ìwé àṣẹ. Ìpele kìn-ín-ní yóò jẹ́ ti àwọn tí bọ́ọ̀lù jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ wọn pátápátá, ìpele kejì, tí a wá sọ ní Championship, yóò jẹ́ ti àwọn tí ó ń fi apá kan àkókò wọn ṣe é. Owó ni kẹ̀kẹ́ ìyìnrere. Ẹni tí kò ní kẹ̀kẹ́ fẹsẹ̀ rìn padà. Sunderland pàdánù ipò rẹ̀ ní ìpele kìn-ín-ní, kò sì rí àyè ní ìpele kejì; ìpele kẹta ni ó bá ara rẹ̀. Doncaster Belles rí ìwé àṣẹ gbà fún ìpele kejì, ṣùgbọ́n ní oṣù keje ọdún 2018, wọ́n yọwọ́ nítorí àìsówó. Ẹgbẹ́ tí ó gba líìgì kò padà wá dáàbò bò ó. Ìpele kẹta ni wọ́n lọ, wọ́n sì tún jábọ́ sí ìkẹrin lẹ́yìn náà.

Ní ọdún yẹn kan náà, Manchester United, tí ó ti pa ẹgbẹ́ obìnrin tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ tì ní ọdún 2005, dá òmíràn sílẹ̀. A fún un ní àyè ní ìpele kejì lójú ẹsẹ̀, láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ gun àkàbà láti ìsàlẹ̀. Ó gba líìgì náà ní àsìkò àkọ́kọ́ rẹ̀, ó sì gòkè. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù dáadáa, a kò lè bu ẹnu àtẹ́ lù wọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ìtàn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 49 tí ó ń jáde lẹ́nu ọ̀nà kan, àti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí ó ń gba ẹnu ọ̀nà kejì wọlé, a ó rí i pé ìpele kejì ní ọdún 2018 ti di ọjà tí a fi ń pààrọ̀ ìrántí fún owó.

Owó pàápàá kì í ṣe ìdákọ̀ró tí kì í já. Ní oṣù kẹrin ọdún 2017, Notts County, tí a ti gbé àyè ẹgbẹ́ ìlú Lincoln fún, tú ká nígbà tí líìgì kù ọjọ́ díẹ̀ kí ó bẹ̀rẹ̀. Liverpool, tí ó gba líìgì ìpele kìn-ín-ní ní ọdún 2013 àti 2014, já sí ìpele kejì ní ọdún 2020, ní ọdún tí àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ náà gba líìgì tiwọn. Rinsola Babajide, ọmọ Yorùbá tí ó wá ń gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà lónìí, wà lára àwọn tí ó gbá a fún Liverpool ní ìpele kejì náà ní àsìkò 2020–2021. Ọdún méjì ni ó gbà kí Liverpool tó padà sókè.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹgbẹ́ Durham, tí kò sí lábẹ́ ẹgbẹ́ ọkùnrin kankan, wà ní ìpele kejì láti ọdún 2014 tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2025, London City Lionesses, tí kò sí lábẹ́ ẹgbẹ́ ọkùnrin bákan náà, ni ó gba ìpele kejì tí ó sì gòkè. Olówó ńlá ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n orí pápá ni ó ti gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ní ọdún yìí kan náà ni a dá orúkọ WSL 2 padà fún ìpele kejì. Àkóso rẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ FA láti ọdún 2024, ó ti wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ fúnra wọn jẹ́ onípìn-ín nínú rẹ̀.

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa

Ní ọdún 2008, FA tọrọ àforíjì fún èèwọ̀ ọdún 1921. Ó dára. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn bèèrè bóyá ọdún 1921 àti ọdún 2013 jìnnà sí ara wọn bí a ti rò. Ní ìgbà àkọ́kọ́, àwọn ènìyàn díẹ̀ jókòó sínú yàrá kan, wọ́n pinnu pé obìnrin kò yẹ ní pápá. Ní ìgbà kejì, àwọn ènìyàn díẹ̀ jókòó sínú yàrá kan, wọ́n pinnu obìnrin wo ni ó yẹ ní pápá wo. Ète kejì sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ lọ́nà púpọ̀, nítorí ó fẹ́ kí eré náà dàgbà, ó sì dàgbà lóòótọ́. Síbẹ̀, nínú méjèèjì, àwọn tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù náà kò sí nínú yàrá.

Ohun mẹ́ta ni mo rò pé ó yẹ kí àwa tí a ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́ mú nínú ìtàn yìí, ìbáà ṣe ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù, ìbáà ṣe ẹgbẹ́ àṣà. Èkíní, kí òfin ìgòkè wà ní kíkọ sílẹ̀ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì yí i padà lágbedeméjì. Èkejì, bí a bá fẹ́ béèrè owó àti pápá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kékeré, kí a fún un ní àkókò àti ìrànwọ́ láti rí i. Àìjẹ́bẹ́ẹ̀, ohun tí a pè ní ìlànà yóò di odi. Ẹ̀kẹta, kí a máa kọ ìtàn àwọn tí ó kọ́kọ́ ro oko náà sílẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá rí ìkórè lásán lè rò pé ilẹ̀ náà kò ní igbó rí.

Doncaster Belles ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù, ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Kò sí ẹgbẹ́ obìnrin kan ní ìpele kìn-ín-ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí tí kò gba orí ilẹ̀ tí wọ́n bá wọn ro kọjá.